Ẹ Fi Ààyè Àlejò Sílẹ̀ Ní Pápá Bọ́ọ̀lù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń san án. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Ohun tí ó ń kọ́ni ni pé onílé a máa múra de àlejò kí àlejò tó dé, ìbáà tilẹ̀ ni ín lára. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ pápá bọ́ọ̀lù lónìí, a óò rí i pé ilé ni àwa Yorùbá ń fi àṣà rere yìí sí nígbà tí a bá ń lọ wo eré.

Kò sí ibi tí ọ̀ràn náà ti hàn tó oríta ńlá Ṣàgámù, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Interchange. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà tí ó gba ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Bìní ti pàdé. Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò láti Bìní, láti Aba tàbí láti Port Harcourt wá sí Èkó, ibẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí pápá ẹgbẹ́ Remo Stars wà, kò sì jìnnà sí i. Nítorí náà, bí ìdíje ńlá bá ku ọ̀la, àríyànjiyàn kì í tán lẹ́nu àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ láàrin àwọn oníbúrẹ́dì àti olómi tútù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò ní, “Bàbá, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ẹnu géètì ni kí ó wọlé. Ṣé èmi ni mo ní kí ilé wọn jìnnà?” Àgbàlagbà yóò sì dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí ó bá kàn ọ́ láti lọ sí ilé tiwọn ńkọ́?” Ìbéèrè bàbá yìí ni ó yẹ kí gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní ọdún náà, a pín ẹgbẹ́ 20 tí ó wà nínú líìgì àgbà Nàìjíríà sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta-mẹ́ta tí ó ṣe dáadáa jù ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì pàdé ní pápá Mobolaji Johnson ní Oníkan, ní Èkó, kí a lè mọ ẹni tí yóò gba ife. Àwọn mẹ́fà náà ni Enyimba ti Aba, Rivers United ti Port Harcourt, Bendel Insurance ti Bìní, Lobi Stars ti Makurdi, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ àti Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́. Enyimba ni ó gba ife náà, ìgbà kẹsàn-án rẹ̀ nìyẹn. Remo Stars ni ó ṣe ìkejì.

Ní irú ìdíje àṣepinnu báyìí, kò sí ẹni tí a lè pè ní onílé nínú àwọn mẹ́fà. Síbẹ̀, ọmọ Rẹ́mọ lè jẹun òwúrọ̀ nílé kí ó sì bá eré ọ̀sán ní Oníkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ń bọ̀ láti Aba yóò fi odidi ọjọ́ rin ìrìn àjò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni yóò gba ìwé ìwọlé, a jẹ́ pé ọ̀nà tí kò jìn ni a ń fún ní ẹ̀bùn, kì í ṣe ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí a ka ìpín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí a sì fi ránṣẹ́ sí i ní ìlú rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àṣà àjèjì ni èyí, kí ó lọ wo ibi ìdána. Níbẹ̀, ẹbí ìyàwó ni onílé, ẹbí ọkọ ni àlejò. Alága ìjókòó ń ṣojú fún onílé, alága ìdúró ń ṣojú fún àlejò. Wọn a máa fi orin bú ara wọn, wọn a máa fi owó gba ẹnu ọ̀nà, wọn a sì mú kí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀. Síbẹ̀, àga ẹbí ọkọ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Kò sí ẹbí ìyàwó kan tí yóò jókòó kún gbogbo àga nítorí pé ilé wọn ni, kí wọ́n wá ní kí àna dúró sínú oòrùn. Orin èébú kò ba ìdána jẹ́; àìsí àga ni ì bá bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí pápá bọ́ọ̀lù rí. Kí onílé fi orin rẹ́rìn-ín àlejò, kí àlejò náà fèsì, ṣùgbọ́n kí oníkálukú ní ìjókòó.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti sọ èyí di òfin. Nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílé gbọ́dọ̀ fi ìwé ìwọlé 3,000 sílẹ̀ fún èrò ẹgbẹ́ àlejò, tàbí ìdá kan nínú mẹ́wàá bí pápá náà kò bá tóbi. Láti ọdún 2016 wá ni a sì ti fi òfin dè é pé owó ìwé àlejò kò gbọdọ̀ ju 30 pọ́n-ùn lọ. Kì í ṣe pé wọ́n kò mọ ìjà níbẹ̀. Luton Town tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ èrò àlejò láti ọdún 1986 títí di 1990. Ilẹ̀ Argentina náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2013, lẹ́yìn ikú olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan, ṣùgbọ́n ìwà ipá kò tìtorí bẹ́ẹ̀ tán nílẹ̀ náà, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ń bá ara wọn jà. Lílé àlejò kò sọ ọmọ onílé di ọmọlúwàbí.

Ọ̀ràn ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, Liverpool àti Nottingham Forest pàdé ní pápá Hillsborough, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Liverpool ni èrò rẹ̀ pọ̀ jù, síbẹ̀ òun ni a fún ní ìpín tí ó kéré jù. Èrò há níwájú ẹnu ọ̀nà tóóró. Ọlọ́pàá ṣí géètì ńlá kan láìdí ọ̀nà tí ó lọ sí àárín, níbi tí ó ti kún àkúnfọ́. Ènìyàn 97 ni ó bá a lọ. Ìwádìí tí ó parí ní ọdún 2016 sì fi hàn pé ẹ̀bi àwọn èrò kọ́. Ní Accra, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, nígbà tí Hearts of Oak àti Asante Kotoko pàdé, ọlọ́pàá yin tajútajú sí èrò, àwọn ẹnu ọ̀nà kan sì wà ní títì. Ènìyàn 126 ni ó kú. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ìjókòó àti ẹnu ọ̀nà kò tó nǹkan, kí ó tún inú rò.

Àìfọkàntán onílé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin àwa náà. Ní ọdún 1977, nígbà tí IICC ti Ìbàdàn àti Rangers ti Enugu pàdé nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, Kaduna ni a gbé eré wọn kejì lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, èrò ya wọ pápá ní Kano lẹ́yìn tí Kano Pillars àti Shooting Stars gbá ọ̀mì. Àwọn aláṣẹ líìgì já àmì Pillars, wọ́n sì mú eré kúrò ní pápá wọn. Onílé tí kò lè dáàbò bo àlejò, ilé náà ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí Rẹ́mọ fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2025, Remo Stars fi gólù kan ṣoṣo borí Niger Tornadoes ní Ìkẹ́nnẹ́, ó sì gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí Mamelodi Sundowns ti South Africa wá, Abẹ́òkúta ni Remo Stars ti gbà wọ́n lálejò. Àwọn ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí ó jẹ́ onílé lánàá di ẹni tí ń wọ mọ́tò lọ wo ẹgbẹ́ tiwọn ní ìlú ẹlòmíràn. Ìdáhùn ìbéèrè bàbá ti oríta nìyẹn.

Ohun tí a ń fẹ́ kò ju agbára lọ. Kí onílé kéde iye ìwé tí ó yà sọ́tọ̀ fún àlejò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìdá kan nínú mẹ́wàá kò pọ̀ jù. Kí ẹgbẹ́ àlejò tà á ní ìlú tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà san owó ọkọ̀ wá sí ibi tí kò ti ní ìjókòó. Kí iye owó rẹ̀ má ju ti onílé lọ. Kí àlejò ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kí a sì ṣí i ní kùtùkùtù. Èyí tí wọn kò bá rà, kí ó padà sọ́wọ́ onílé kí ọjọ́ eré tó pé. Kí àlejò náà sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀: ẹni tí ó bá fọ́ àga tàbí tí ó ju òkò, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ san án, kí a sì dín ìpín wọn kù nígbà mìíràn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Rẹ́mọ ti gba orúkọ aṣẹ́gun. Kí ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní oríta Ṣàgámù pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn lọ́rùn, tí ó ń bèèrè ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, bá àga rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà náà ni ilé yóò tó jọ orúkọ.