Ta ló ń jẹ ẹja inú ọbẹ̀?

Ẹ̀yin ará, láti Kétu dé Àjàṣẹ́, ọkà tàbí ẹ̀bà ló ń kún àwo wa. Wọ́n ń fún wa lágbára láti roko. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú 100 gíráàmù gààrì, amúaradàgbà kò tó gíráàmù 3. Ti ẹ̀wà gbígbẹ ju 20 lọ. Ẹ̀wà ọ̀hún, àwa la gbìn ín! A ó tà á tán lọ́jà, a ó fowó rẹ̀ ra búrẹ́dì.

Ẹja ńkọ́? Baálé ló ń jẹ ẹ́. Aboyún tó pọnmi, tó ṣẹ́gi, omi ọbẹ̀ ló kù fún un, bẹ́ẹ̀ òun ni ara rẹ̀ ń wá ẹ̀jẹ̀ jù. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bù fún un. Ẹ sì yọ ẹ̀wà ilé sọ́tọ̀ kí ẹ tó ta ìyókù.