Ẹ Má Sanwó Kẹ̀kẹ́ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Wọ́

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni alùpùpù tí wọ́n ń pè ní bendskin ti gba ìgboro Douala níbi tí mò ń gbé. Kò yani lẹ́nu pé àwọn èèyàn ò ka kẹ̀kẹ́ ológeere sí mọ́. Síbẹ̀, ọmọ iléèwé, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́lé lóru àti ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri ṣì ń gùn ún.

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ wọn. Kí kọ̀ntéínà lè gba kẹ̀kẹ́ púpọ̀, wọ́n á tú bóòtù ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á yí i kó lè sùn ti igi kẹ̀kẹ́. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, yóò wọ́ ọ padà, yóò fún bóòtù díẹ̀, ó parí. Bí oníbàárà bá ní ó wọ́, èsì tí mo sábà ń gbọ́ ni pé: “Madame, ṣé kò lọ ni?”

Ó ń lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Ara èèyàn máa ń bá a mu: ejìká kan á ṣíwájú èkejì, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀, nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹni náà ò ní mọ̀ pé ó wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wọ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọn ò fún dáadáa. Tó bá já sí kòtò lórí afárá Wouri, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ lè yí kí táyà má yí. Bíréèkì ò lè gbani níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í sì í pẹ́. Ẹ dúró níwájú kẹ̀kẹ́, ẹ fi orúnkún méjèèjì há táyà. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, bóòtù kan ló wà lókè: ẹ tú u yípo méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má tú u jáde, ẹ gbé igi lé e, kí ẹ fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́ kí irin tó há sísàlẹ̀ lè tú. Bó bá jẹ́ ti ìsinsìnyí, bóòtù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ tú. Ti òkè ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wò ó láti òkè: ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ bá irin àárín táyà lọ lọ́gbọọgba. Ẹ fún un. Ẹ tún há táyà, kí ẹ gbìyànjú láti lọ́ ọwọ́ náà. Tó bá yí, kò tíì fún tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́ tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣeé ṣe kí irin tó di táyà iwájú mú ti tẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn kan ní ẹni tó ra tòkunbọ̀ ló yẹ kó gbé e lọ fún atúnkẹ̀kẹ́ṣe. N ò gbà. Torí kí owó ọkọ̀ lè dín kù ni wọ́n ṣe tú u, èrè rẹ̀ sì wà nínú ohun tí ẹni tó ń tà á ń jẹ. Òun ni kó dì í padà, lójú yín, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.