Ta Ni Ó Ní Kí Á Kó Iṣẹ́ Àná Dànù?

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà fún ilé-ẹ̀kọ́ àti fún àwọn ẹgbẹ́ wa: wọ́n ní ètò tí a kọ fún ẹ̀rọ àtijọ́ ti kú, kí á kó o dànù, kí á ra tuntun. Àwa olùkọ́ kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òtítọ́, owó àwùjọ ni ó sì ń jẹ.

Ọpọlọ tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà PC jẹ́ ti ìdílé kan tí Intel dá sílẹ̀ ní ọdún 1978. Èyí tí ó wà nínú fóònù wa, nínú Raspberry Pi, àti nínú àwọn Mac tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ìparí ọdún 2020, ìdílé mìíràn ni. ARM ni orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbọ́ Faransé nìkan ṣe lè jókòó ti ará Kétu lọ́jà láì mọ ohun tí ó ń wí. Ṣé a ó wá lé àlejò náà lọ ni? Ògbufọ̀ ni à ń wá fún un. Ètò tí ń ṣe ògbufọ̀ yìí ni àwọn Faransé ń pè ní émulateur: ó ń ka àṣẹ tí a kọ fún ọpọlọ kan, ó ń yí i sí èyí tí ọpọlọ kejì gbọ́, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ àtijọ́ gan-an ni ó wà níbẹ̀. QEMU, tí Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní ọdún 2003, a máa fi ìtumọ̀ tí ó ti ṣe pamọ́ kí ó má baà tún un ṣe. DOSBox ti ọdún 2002 wà fún àwọn ètò ayé DOS. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Wọn yóò ní ó ń falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tí a kọ ní ọdún 1993, fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti fóònù ọmọ ilé-ìwé òde òní, kí ni ìfalẹ̀ fẹ́ fi ṣe? (A kò ní kí ẹnikẹ́ni jalè o: Windows tí a gbé sínú QEMU ṣì nílò ìwé àṣẹ rẹ̀.)

Ohun tí ó dùn wá jù lọ ni ti èdè wa. Ní àwọn ọdún 1990, ẹni tí ó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tẹ Yorùbá a máa lo lẹ́tà àkànṣe tí a fi ẹ tàbí ọ́ sí ipò àmì mìíràn. Ẹ ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tuntun lónìí, jágbajàgba ni ẹ ó rí. Ẹ̀yin tí ń kọ ɛ àti ɔ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì ti Bẹ̀nẹ̀, ìyà kan náà ni ó jẹ yín. Ìtàn ìlú, oríkì, ẹ̀kọ́ tí àgbà olùkọ́ fi ọdún púpọ̀ kó jọ, gbogbo rẹ̀ ń bẹ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ètò àtijọ́ àti lẹ́tà rẹ̀ bá tún ṣiṣẹ́ nínú émulateur, a ó rí ojú ìwé bí ẹni tí ó kọ ọ́ ti rí i, a ó sì lè dà á kọ láì ṣi ohùn. Ẹni tí ó ní kí á kó ètò náà dànù, ìwé náà ni ó ní kí á kó dànù.

Kí á má sì fi ògbufọ̀ wa sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí Apple kó lọ sọ́dọ̀ Intel ní ọdún 2006, ó fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Rosetta kí ètò wọn àtijọ́ lè máa ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2011, ó mú un kúrò, ètò wọn sì dákẹ́ lórí ẹ̀rọ tuntun. QEMU kò rí bẹ́ẹ̀: àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba, kò sí ẹni tí ó lè gbà á padà.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ẹgbẹ́ kankan má ṣe buwọ́ lu ìwé rírà kí ó tó bi ọlọ́jà léèrè pé: ṣé ẹ ti dán ètò wa wò nínú émulateur? Kí ẹni tí ó bá sì ní díísìkì àtijọ́ nínú àpótí tètè wá bá wa dà á kọ, nítorí émulateur kò lè ka èyí tí ó ti bu.