Òjò Kíkan àti Ilẹ̀ Igbó Ọba: Ewu Tí Kò Ní Ohùn

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ewu tí ó dojú kọ àwọn igbó ọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn agégẹdú tí kò gba ìwé àṣẹ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn wa. Ayùn wọn ń dún, kùkùté igi tí wọ́n fi sílẹ̀ sì ń jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà tí kò ní ohùn, tí kì í sì í fi kùkùté sílẹ̀. Láti ojú ọ̀run ni ó ti ń bọ̀, pẹ̀lú òjò tí gbogbo wa ń gbàdúrà fún, inú ilẹ̀ ni ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní òjò ásíìdì, tí àwa yóò máa pè ní òjò kíkan. Èrò wa ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo igbó ọba kò gbọdọ̀ dúró sí ẹnu ibodè igbó nìkan. Ó ní láti tọpa èéfín dé ibi tí ó ti ń jáde.

Kí ni òjò kíkan?

Gbogbo òjò ni ó kan díẹ̀, nítorí pé ó ń po afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọ́ra bí ó ti ń rọ̀. Lórí òṣùwọ̀n pH tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, omi tí kò kan rárá wà ní 7, òjò tí èéfín kò bà jẹ́ sì máa ń wà ní nǹkan bí 5.6. Bí iye náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìlọ́po mẹ́wàá sì ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òjò tí ó wà ní 4.6 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tí ó wà ní 5.6 lọ.

Ohun tí ó ń fa àfikún kíkan yìí ni èéfín imí-ọjọ́ àti èéfín náítírójìn. Imí-ọjọ́ wà nínú epo dísẹ́ẹ̀lì tí a kò fọ̀ dáadáa àti nínú epo dúdú tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń sun. Èéfín náítírójìn ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti iná tí a fi ń sun ìgbẹ́. Bí àwọn èéfín wọ̀nyí bá pàdé ọ̀rinrin lókè, wọn a di ásíìdì, wọn a sì bá òjò wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Robert Angus Smith, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ìlú Manchester, ti kíyè sí i láti 1852 nígbà tí èéfín ilé-iṣẹ́ bo ìlú náà, ó sì lo orúkọ yìí fún un nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1872.

Ohun tí ó ń ṣe nínú ilẹ̀

Ilẹ̀ igbó ní àpamọ́ tirẹ̀. Kálísíọ̀mù, magnísíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù lẹ̀ mọ́ amọ̀ àti ewé tí ó ti jẹrà, gbòǹgbò igi sì ń mú nínú wọn bí ó ti nílò. Nígbà tí òjò kíkan bá ń rọ̀ léraléra, ásíìdì inú rẹ̀ a gba ipò àwọn èròjà wọ̀nyí, omi a sì gbé wọn lọ sínú odò. Bí àpamọ́ náà bá ti ń tán, álúmíníọ̀mù tí ó wà nínú amọ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára a yọ́ sínú omi ilẹ̀, a sì di májèlé fún gbòǹgbò àti fún ẹja inú odò.

Àwọn ẹranko náà ń pín nínú ìyà yìí. Ìgbín kò lè mọ ìkarahun rẹ̀ láìsí kálísíọ̀mù. Ní 1994, àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands fi hàn pé nínú àwọn igbó tí òjò kíkan ti ba ilẹ̀ wọn jẹ́, ìgbín ti dín kù, àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ó ń jẹ ìgbín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ kò nípọn tó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ iye ìdílé tí ó ń ti inú igbó wa kó ìgbín lọ sí ọjà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa.

Ìbàjẹ́ yìí kì í hàn ní ọdún kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní igbó Hubbard Brook, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ọdún 1963 ni àwọn olùwádìí tí Gene Likens àti Herbert Bormann jẹ́ aṣáájú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò omi òjò àti omi odò ibẹ̀. Nígbà tí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ mú kí imí-ọjọ́ dín kù, gbogbo ènìyàn retí pé igbó náà yóò sọjí kíákíá. Ní 1996, àwọn olùwádìí náà kéde pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kálísíọ̀mù púpọ̀ ti ṣàn kúrò nínú ilẹ̀. Ní 1999, wọ́n fi hẹlikọ́pítà da òkúta lílọ̀ tí ó ní kálísíọ̀mù sí apá kékeré kan nínú igbó náà kí àwọn igi ibẹ̀ tó rí okun gbà padà. Ohun tí a kọ́ ni pé ìdajì iṣẹ́ ni kí èéfín dín kù. Ohun tí ilẹ̀ bá ti pàdánù ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà.

Igbó Ọba Omo

Igbó Ọba Omo, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti 1925 ni ó ti wà lábẹ́ òfin, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 130,500. Ní 1946 ni a ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi tàbí dáko níbẹ̀, àjọ UNESCO sì fi igbó náà sínú àwọn àgbègbè ìṣẹ̀dá tí ó ń dá mọ̀ káàkiri àgbáyé ní 1977. Ilé erin ni, àwọn ọ̀bọ àti ẹyẹ sì kún ibẹ̀.

Ilẹ̀ irú igbó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olówó bí ènìyàn ti lè rò nígbà tí ó bá rí igi gíga. Òjò ti ń ṣan án fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó ti kan díẹ̀ tẹ́lẹ̀, òkè ilẹ̀ pẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọrọ̀ rẹ̀ sì wà. Bí a bá gé igi gẹdú tí a gbé e jáde, kálísíọ̀mù tí ó wà nínú igi náà bá a lọ. Bí òjò kíkan bá tún wá ń ṣan ìyókù, a jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà méjì ni ọrọ̀ ilẹ̀ ń gbà jáde.

Ní àsìkò òjò, láti ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, láti orí òkun, ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa. Èkó, Ògijó àti Ṣágámù, pẹ̀lú ọkọ̀ àti ilé-iṣẹ́ wọn, wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn igbó náà. Ní 2016, iṣẹ́ ìwádìí DACCIWA fò káàkiri ojú ọ̀run ìhà gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Lomé, ó sì ní ibùdó ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, ní Savè ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní Kumasi ní Ghana. Ó fi hàn pé atẹ́gùn ń gbé èéfín àwọn ìlú etíkun wọ inú ilẹ̀ lọ, àti pé èéfín ìgbẹ́ tí a sun ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà pàápàá ń gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Ààlà tí a fi òpó sàmì sí kò dí ẹ̀fúùfù lọ́wọ́.

A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Ọyẹ́ ń ṣe wá lóore, nítorí pé eruku tí ó ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ ní kálísíọ̀mù tí ó ń pa oró ásíìdì. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọyẹ́ ń jà. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ jùlọ, tí atẹ́gùn òkun sì gba ipò, ààbò yẹn ti dín kù púpọ̀.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Àkọ́kọ́ ni epo. Ní 2020, àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò pé imí-ọjọ́ inú epo tí a ń kó wọ àgbègbè yìí kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ láti oṣù Ṣẹẹrẹ 2021. Ṣíṣọ́ ìpinnu yìí ní ẹnu ibodè àti ní ilé epo jẹ́ ààbò fún igbó gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ààbò fún ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa.

Èkejì ni ilé-iṣẹ́. Àjọ NESREA, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2007, ní ìlànà lórí ohun tí a lè tú sí afẹ́fẹ́. Nígbà tí a bá ń gbé ìbéèrè fún ilé-iṣẹ́ tuntun yẹ̀ wò, kí a má ṣe bi í léèrè nípa àdúgbò tí ó yí i ká nìkan. Kí a bi í pẹ̀lú nípa igbó tí ẹ̀fúùfù ń kọrí sí.

Ẹ̀kẹta ni wíwọ̀n. Òjò kíkan kò yàtọ̀ sí òjò mìíràn ní ojú tàbí ní ẹnu. Àyẹ̀wò omi òjò àti ilẹ̀ ní ọdọọdún, nínú hẹ́kítà 460 tí a kò fọwọ́ kàn, ni ó lè kìlọ̀ fún wa kí igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí.

Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa. Kí àgbẹ̀ dín ìgbẹ́ sísun kù, kí a yé sun táyà àti pàǹtírí, kí ẹni tí ó bá lágbára láti lo iná oòrùn dípò jẹnẹrétọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Omi tí ó ń rọ̀ sórí Igbó Omo ń rọ̀ sórí oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ tí ó yí i ká pẹ̀lú. Bí a bá dáàbò bo ilẹ̀ igbó náà, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa yóò ro ni a ń dáàbò bò.