Kí Àwọn Oníṣòwò Àlòkù Gba Ìwé Àṣẹ

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ìlú mọ̀ ni pé òfin ilẹ̀ wa pàápàá fara mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn baba wa. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, abala 390 sọ pé ẹni tí ó bá jalè, bí a kò bá ti la ìjìyà mìíràn sílẹ̀ fún irú olè bẹ́ẹ̀, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ṣùgbọ́n abala 427 sọ pé ẹni tí ó bá gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé jíjí ni a jí i, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ọdún 3 fún ẹni tí ó gbé e, ọdún 14 fún ẹni tí ó gbà á sílẹ̀! Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òfin kò rí agbódegbà.

Kí ni ó wá dé tí ẹrù olè fi ń rí ọjà ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó? Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹ tún abala 427 náà kà, ẹ ó rí gbólóhùn kékeré kan nínú rẹ̀: “tí ó sì mọ̀.” Ihò tí eku ń gbà sá lọ nìyẹn. Adájọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n lábẹ́ abala yìí àfi bí a bá fi hàn pé ó mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá mú agbódegbà dé ilé ẹjọ́, ohun tí yóò sọ kò ju èyí lọ: “Èmi kò mọ̀ o. Ọmọkùnrin kan ni ó gbé e wá. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì mọ ilé rẹ̀.” Níbi tí kò bá sí ìwé tí a kọ orúkọ sí, ta ni yóò já a nírọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ẹrù olè ń gbà rìn. Àgbẹ̀ kan ní ìgbèríko Àkúrẹ́ fi owó kòkó ọdún kan ra ẹ̀rọ tí ó fi ń fọ́n oògùn sí oko rẹ̀. Ó gbé e sínú ahéré, ó lọ sílé, nígbà tí ó padà dé ní òwúrọ̀, ó bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí. Olè kò lè jẹ ẹ̀rọ, kò lè jẹ wáyà, kò sì lè jẹ fóònù. Owó ni ó ń jẹ. Àfi kí ó rí ẹni tí yóò sọ ẹrù náà di owó fún un. Kò ní gbé e lọ sí ọjà tí olóhun lè gbà kọjá. Yóò gbé e sọ ọkọ̀, yóò sì forí lé Oǹdó. Bákan náà ni èyí tí ó jí ẹ̀rọ amúnáwá ní Oǹdó yóò ṣe gbé tirẹ̀ wá sí Àkúrẹ́. Ẹni tí ó rà á kò béèrè ohunkóhun ju iye owó lọ. Kí àgbẹ̀ náà tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹnì kẹta. Bí ó bá sì jẹ́ wáyà bàbà ni a gé lára tiransifọ́mà àdúgbò, orí òṣùwọ̀n oníirin àlòkù ni yóò balẹ̀ sí, gbogbo àdúgbò yóò sì wà nínú òkùnkùn nítorí owó tí kò tó nǹkan.

A kò sọ pé olè ni gbogbo ẹni tí ń ta àlòkù. Ọlọ́run má jẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni kò lè ra ẹ̀rọ tuntun. Lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ni a ti ń ra èyí tí agbára wa ká. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, wọ́n sì fi ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn olóòótọ́ inú wọn gan-an ni ìwà agbódegbà ń pa lára jù. Agbódegbà ń ra ọjà ní ọ̀pọ̀, ó sì ń tà á ní iye tí olóòótọ́ kò lè tà á. Nígbà tí ọlọ́pàá bá sì dé, àti olóòótọ́ àti ọ̀daràn ni wọn yóò kó sínú ọkọ̀ kan náà, nítorí pé kò sí ohun tí a fi lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá máa ra ohun àlòkù láti tún un tà, ìbáà ṣe fóònù, ìbáà ṣe alùpùpù, ìbáà ṣe ẹ̀rọ tàbí irin tí a ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n, kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Kí ó ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí ó ra nǹkan sí, àti orúkọ ẹni tí ó tà á fún un, nọ́ńbà NIN rẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà lára ẹrù náà, àti iye tí ó rà á. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí a so NIN mọ́ nọ́ńbà fóònù, kò sí oníṣòwò tí yóò sọ pé òun kò mọ ohun tí NIN ń jẹ́. Kí ó sì pa ohun tí ó rà mọ́ fún ọjọ́ 7 kí ó tó tún un tà tàbí kí ó tó yọ́ ọ, kí olóhun lè ní àyè láti wá a. Ẹni tí kò bá kọ nǹkan sínú ìwé, a ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Bí èyí bá ti fìdí múlẹ̀, “èmi kò mọ̀” kò ní jẹ́ àwíjàre mọ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀.

Àwọn kan yóò ní àṣà òkèèrè ni a fẹ́ kó wá sílé. A rán wọn létí pé ìwé àṣẹ ìrajà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ àgbẹ̀ oníkòkó. Láti 1947 tí a ti dá ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó sílẹ̀, títí di 1986 tí ìjọba fi tú irú àwọn ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká, àwọn aṣojú tí ó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ń ra kòkó fún un. Àwọn àgbà tí ó ta kòkó nígbà náà mọ ẹni tí ó rà á, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Bí a bá lè béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń ra kòkó, kí ni ó burú bí a bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń ra ẹ̀rọ tí a fi ń tọ́jú kòkó?

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ti rìn ín rí. Ní South Africa, òfin ọdún 2009 ní kí àwọn tí ń ṣòwò àlòkù forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olè ń gé wáyà ojú irin, wọ́n sì ń ṣí òjé lórí òrùlé ilé ìjọsìn. Òfin ọdún 2013 wá ní kí gbogbo oníirin àlòkù gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àti ilé ẹni tí ó ta irin fún wọn sílẹ̀, kí wọ́n má sì san owó lọ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi nípasẹ̀ báńkì. Ní Kẹ́ńyà, ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, lẹ́yìn tí òpó iná ńlá wó tí iná sì kú káàkiri, ìjọba fi òfin de òwò irin àlòkù pátápátá. Kò pé oṣù díẹ̀ tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa: ẹni tí ó ti ọjà pa ti ọ̀nà ọ̀fun olóòótọ́ pa. Ìwé àṣẹ ni kí a fi ṣe é, kì í ṣe ìfòfindè.

Kí àwọn aláṣẹ má sì ṣe sọ pé àwọn kò ní agbára. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi àbójútó ọjà àti ti ìsọ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọba Gúúsù Àkúrẹ́ bá dá a ṣe tí Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó kò ṣe é, a kàn ń lé olè láti ìlú kan sí èkejì ni. Ìdí nìyí tí a fi ń ké sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó pé kí wọ́n fi òfin kan ṣoṣo de gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18. Bí ohun tí ó jọ ọ́ bá sì ti wà nínú ìwé òfin àtijọ́, kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀ nù, kí wọ́n sì lò ó.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Bí ìwé àṣẹ yìí bá di ọ̀nà tí àwọn kan yóò máa gbà já tíkẹ́ẹ̀tì fún oníṣòwò ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó sàn kí a má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí owó rẹ̀ kéré, kí a máa san án ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí a sì já ìwé ẹ̀rí fún ẹni tí ó san án. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ni a ń wá, kì í ṣe owó. Oníṣòwò tí ìwé rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sun àgọ́ ọlọ́pàá nítorí pé ó ra nǹkan.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ tọ káńsẹ́lọ̀ yín lọ, kí ẹ sì gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ yín sílẹ̀ lónìí, ẹ má dúró di ìgbà tí olè bá dé. Bí a bá sì na ohun tí ó tó náírà mẹ́wàá sí yín ní náírà méjì, ẹ béèrè ibi tí ó ti wá. Ẹni tí ó bá rà á láìbéèrè ti di ara àwọn tí ń gba epo sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa.