Gìtá Kan Ṣoṣo Tó Onígìtá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di bárakú lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ onígìtá àdúgbò wa ní Ìgàndó. Wọ́n ní gìtá tí a fi ń ta jùjú kọ́ ni a fi ń ta háílàìfù, pé ti háílàìfù kò ṣe é fi ta rẹ́gẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ ta orin alágbára bí i ti àwọn òyìnbó gbọ́dọ̀ tún wá òmíràn rà. Àwọn tí ń ta gìtá lọ́jà kì í jẹ́ kí ẹnu wọn sinmi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn yé mi, ọjà wọn ni wọ́n ń polówó. Èyí tí kò yé mi ni pé àwọn olórí akọrin ìjọ, àwọn òbí, àti àwọn olùkọ́ orin pàápàá ti gbà á gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Èmi kò gbà á. Irọ́ ni, irọ́ náà ń náni lówó, ohun tí ó sì ń bà jẹ́ nínú orin wa ju owó lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ti olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ gìtá. Ohùn ni iṣẹ́ mi. Èdè tí ó jẹ́ pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń fi ìtumọ̀ yàtọ̀ sí ìtumọ̀, kò sí bí orin rẹ̀ yóò ṣe rí tí kò ní kan ẹni tí ń kọ́ni ní èdè náà. Nígbà tí Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ohùn gìtá kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jù ohun tí a fi ń ti akọrin lẹ́yìn. Ní ìparí àwọn ọdún 1940 ni nǹkan yí padà. Gángan wọ inú jùjú, Àyìndé Bákàrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ agbóhùnga sí gìtá tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni gìtá ti jókòó ti ìlù tí ń sọ̀rọ̀, tí òun náà sì kọ́ ọ̀rọ̀ í sọ. Ẹ tẹ́tí sí ẹgbẹ́ Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé dáadáa: ìgbà mìíràn wà tí akọrin ti dákẹ́, tí gìtá ṣì ń bá gbólóhùn náà lọ, tí ó sì yé gbogbo agbo.

Ẹgbẹ́ jùjú yìí gan-an ni àwọn alátakò mi máa ń kọ́kọ́ nà mọ́ mi lójú. Wọ́n ní, ṣé mi ò rí i pé gìtá mẹ́ta, mẹ́rin, ni ó máa ń wà lórí ìtàgé Sunny Adé? Mo rí i. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni ó gbé wọn dání? Gìtá mẹ́rin, ènìyàn mẹ́rin. Ọ̀kan ń ta àkọ́tà, ọ̀kan ń dá a lóhùn, òmíràn ń tẹ ìlù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn méjì péré láti alẹ́ di àfẹ̀mọ́jú. Ìṣọ̀kan ẹni púpọ̀ ni ọlá jùjú, kì í ṣe ìkójọ ẹrù ẹnìkan. Ẹni tí ó bá wo agbo náà tí ó wá kà á sí ẹ̀rí pé ó yẹ kí ọmọ ogún ọdún kan ní gìtá mẹ́rin nílé, gìtá ni ó kà, kò ka ènìyàn. (Gìtá orí itan tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú ẹgbẹ́ náà, tí Paul Simon sì ní kí ó wá ta sínú àwo rẹ̀ ní 1986, kò sí nínú àríyànjiyàn yìí. Ohun èlò mìíràn pátápátá ni, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò kọ́ ọ lọ́tọ̀.)

Àwọn tí ó gbọ́n jù nínú wọn a máa mú ọ̀rọ̀ ìlù wá. Wọ́n á ní, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní àṣà, ṣé ìlù kan ni Yorùbá fi ń sin gbogbo òrìṣà ni? Bàtá ni ti Ṣàngó, ìgbìn ni ti Ọbàtálá, ìpèsè ni ti Ifá, àgẹ̀rẹ̀ ni ti àwọn ọdẹ. Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni ó pín àwọn ìlù wọ̀nyí? Ìsìn ni. Kì í ṣe pé ìgbìn kò lè dún ní agbo Ṣàngó. Ẹ̀tọ́ ni kò ní níbẹ̀. Ẹ wá wo dùndún, tí kò bá òrìṣà kan ṣoṣo so. Ìyáàlù kan náà ni àyàn ń gbé lọ sí ààfin láti ki ọba, tí ó ń gbé lọ sí ìyàwó, sí ìsìnkú, sí òde egúngún, sí wọlimọ̀, sí ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì rí àyàn tí ó ní kí wọ́n dúró de òun kí òun lọ mú ìyáàlù ti ìsìnkú wá láti ilé. Awọ rẹ̀ kò yí padà, ọ̀sán rẹ̀ kò yí padà. Apá tí ó fi ń fún un ni ó ń yí padà. Irú ìlù yìí ni gìtá jẹ́, kò ní òrìṣà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń fara hàn jù ni ìṣọ́ òru. Ẹni tí ó bá ń gbé Ìgàndó mọ̀ pé ní òru ọjọ́ Jímọ̀, oorun kì í ṣe ohun tí a ń bá ṣe àdéhùn. Láti ọ̀nà tí ó ti LASU lọ sí Ìṣẹri títí wọ inú Ìkòtún, ṣọ́ọ̀ṣì fara kan ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìyìn ní aago kan òru, adarí orin kò ní sọ ohun tí ó ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Yóò gbé orin Yorùbá kan sókè ní ìlù wọ́rọ̀, yóò ti inú rẹ̀ bọ́ sí háílàìfù, yóò gba ọ̀nà Ìgbò kọjá, yóò yà ní mákósà, yóò fà á sẹ́yìn di rẹ́gẹ̀, yóò sì parí rẹ̀ sí orin jẹ́jẹ́ tí àwọn ènìyàn ń sunkún sí, gbogbo rẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú, láìsí ìsinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni onígìtá yóò bọ́ ti jùjú kọ́rùn tí yóò gbé ti rẹ́gẹ̀ kọ́? Àwọn tí wọ́n ta á jù ní àdúgbò yìí, gìtá kan ni wọ́n ń lò. Ìka wọn ni wọ́n ń yí, wọ́n ń sún ọwọ́ mọ́ afárá okùn tàbí kúrò níbẹ̀, wọ́n ń dín ohùn kù tàbí kí wọ́n fi kún un. Bí wọ́n bá sì sọ fún mi pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan náà ni a fi ń tọ gbogbo ọ̀nà náà.

Irú gìtá wo wá ni kí ènìyàn rà bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni yóò rà? Lábẹ́ okùn gìtá oníná ni irin òòfà tí a fi wáyà wé wà. Pickup ni àwọn onígìtá ń pè é, òun ni ó ń gba ohùn okùn lọ sínú ẹ̀rọ. Oríṣi méjì ni ó gbajúmọ̀. Àkọ́kọ́ ni single-coil, onídìdì wáyà kan, irú èyí tí ó wà lára Stratocaster tí Fender gbé jáde ní 1954. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, okùn kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí ohun tí ó dára tó o fún jùjú àti háílàìfù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gbọ́ ohun tí a kò rán an. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, bí wáyà ilẹ̀ ilé náà kò bá dára, bí iná gílóòbù gígùn bá wà lókè orí, ṣe ni yóò máa kùn bí oyin. Ní Ìgàndó wa yìí, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti jẹ́ ọmọ ìjọ, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ìkùn yìí ni Seth Lover, ẹlẹ́rọ ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, wá oògùn sí ní àárín àwọn ọdún 1950. Ó wé wáyà ní ìdì méjì, ó dojú ọ̀kan kọ ìhín, ó dojú èkejì kọ ọ̀hún, ìkùn méjèèjì sì pa ara wọn rẹ́. Humbucker ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n bí onígìtá kò bá ṣọ́ra, okùn á máa wọnú ara wọn.

Ìmọ̀ràn mi kò fara sin. Kí ènìyàn ra gìtá tí ó ní humbucker kan níbi afárá okùn, kí ó sì ní single-coil méjì sí i lápá ọrùn. Bí ó bá tún ní kókó tí a lè fà sókè kí ìdajì humbucker náà dákẹ́, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pacifica 112V ti Yamaha rí báyìí, kì í sì í ṣe òun nìkan. Nínú irú gìtá bẹ́ẹ̀, jùjú wà lápá kan, orin alágbára wà lápá kejì, ọ̀pá ìyípadà kékeré kan ni ó sì wà láàárín wọn. Kí ó yẹra fún afárá tí ó ń léfòó, èyí tí a ń fi ọ̀pá mì. Bí okùn kan bá já lára rẹ̀ láàárín ìyìn, ohùn okùn márùn-ún yòókù á bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orin sì parí. Ní ti àwọ̀ rẹ̀, kí olúkúlùkù ra èyí tí ó wù ú.

Bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tó, ẹ jẹ́ kí n pe ẹlẹ́rìí láti ibi tí wọ́n ti ń kó àṣà ìgìtá-púpọ̀ wá. Ní 1971, ẹgbẹ́ Led Zeppelin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé orin “Stairway to Heaven” jáde. Ẹni tí ó bá gbọ́ ibi tí gìtá ti dá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ yóò búra pé Gibson Les Paul ni Jimmy Page fi ta á, nítorí pé òun ni gbogbo ayé ń rí lọ́wọ́ rẹ̀. Telecaster ni, irú gìtá tí àwọn olùtajà ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé orin oko àwọn òyìnbó nìkan ni ó wà fún. Nile Rodgers ará Amẹ́ríkà fi Stratocaster kan ṣoṣo ta orin ijó pẹ̀lú ẹgbẹ́ Chic ní àwọn ọdún 1970, ó fi ta fún David Bowie ní 1983, ó sì tún fi ta fún Daft Punk ní 2013. Bí ó bá jẹ́ pé orin kọ̀ọ̀kan ni ó ní gìtá tirẹ̀, mélòó ni ì bá ti rà láàárín ogójì ọdún?

Ọ̀rọ̀ owó kò sì ṣe é fi ṣeré. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà, ohun tí ó bá ti òkè òkun wá kò ṣe é fọwọ́ kàn. Mo mọ ọmọ kan ládùúgbò yìí tí ó fi owó iṣẹ́ ọwọ́ tí ó yẹ kí ó kọ́ ra gìtá kejì, kò sì ní ańpílífáyà tí yóò so ó mọ́. Òmíràn ní gìtá mẹ́ta, kò sì tíì pààrọ̀ okùn èyíkéyìí nínú wọn láti ọdún tí ó kọjá. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn tí ń kó gìtá jọ báyìí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń mú kí ó sọ̀rọ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ mú ohùn ha títí tí yóò fi máa ya bí aṣọ, akọrin á pe Olúwa ní ohùn tí ó tọ́, gìtá á sì dá a lóhùn bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí.

Nítorí náà, kí ìjọ tàbí òbí tí ó bá fẹ́ ra gìtá má ṣe lọ sọ́jà láìmú ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dání, ìbáà jẹ́ ọmọdé. Mo ti dán èyí wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Kí wọ́n so gìtá náà mọ́ ẹ̀rọ, kí ohùn rẹ̀ ròkè bí yóò ṣe rí nínú ìsìn, kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà bí wọ́n bá ní. Kí onígìtá ta okùn ìsàlẹ̀ kí ó máa dún lọ, kí ó wá fi okùn òkè pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, láìtò wọ́n bí mo ṣe tò wọ́n yìí. Kí ó ṣe é pẹ̀lú ohùn tí ó mọ́, kí ó yí ọ̀pá ìyípadà, kí ó tún un ṣe pẹ̀lú ohùn tí ó nípọn. Kí ẹnì kejì kọ ẹ̀yìn sí i, kí ó máa dárúkọ ohun tí ó gbọ́. Bí ó bá gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápá méjèèjì, kí wọ́n sanwó. Bí ó bá ń pe ọkọ ní ọkọ̀, kí wọ́n gbé gìtá náà kọ́ padà sí ara ògiri, bó ti wù kí ó máa dán tó.