Ọdún Mẹ́ta Tí Ìsàlẹ̀ Èkó Gba Ojú Agbo: Ẹ Kú Oríire, Gangs of Lagos!

Ẹ kú oríire o! Ẹ kú làálàá, ẹ kú àṣeyọrí, ẹ̀yin òṣèré àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2026 ni fíìmù Gangs of Lagos, tó dá lórí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, pé ọdún mẹ́ta gééré, ó sì yẹ kí ọmọ Ẹnu Ọwá, ọmọ Ìdúmàgbò àti ọmọ Òkè Pópó máa yọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń kó ọmọ rẹ̀ jáde.

Ẹ rántí ọjọ́ tó jáde. Ọjọ́ Ẹtì ni, ní 2023. Àwọn Kristẹni ń ṣe ìrántí ikú Jésù lọ́jọ́ náà, ààwẹ̀ Ramadan sì wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí. Agbo ilé mélòó ló wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò ní àwọn méjèèjì nínú? Ẹni tó ti ìsìn dé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu jọ na ọrùn sí ojú fóònù kan ṣoṣo, wọ́n ń wo òpópónà tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó wà ní Peckham, ẹni tó wà ní Houston àti ẹni tó wà ní Adénìjí Adélé jọ ń wo ohun kan náà, nítorí Prime Video ti Amazon gbé e kalẹ̀ fún orílẹ̀-èdè àti agbègbè tó lé ní 240.

Jáde Òṣíbẹ̀rù ló darí rẹ̀, òun àti Kay Jégẹ́dẹ́ ló sì kọ ọ́. Fíìmù àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí Amazon gbé jáde gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀ pátápátá ni. Nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ wo ibi tí ipò àkọ́kọ́ bọ́ sí: Ìsàlẹ̀ Èkó, ìlú ọba fúnra rẹ̀, ibi tí àwọn olówó Ìkòyí ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì yà sí. Obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Manchester ló mú kámẹ́rà wọ àárín wa. Òun ló ṣe Isoken ní 2017, òun náà ló ṣe agbátẹrù Ayinla tí Túndé Kèlání darí ní 2021. Ẹ kú iṣẹ́, mà. A rí yín.

Àwọn kan wo fíìmù yìí, ìbọn àti àdá nìkan ni wọ́n rí. Ìjà rẹ̀ dùn lóòótọ́, ẹni tó jókòó yóò dìde. Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú mi jó lónìí ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọbalọlá. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá tó bí i gbà pé ọmọ yìí ló gbé àgbákò wọ ilé òun, ó sì ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ kékeré bọ́ sí ìta. Níta ni ẹ̀gbọ́n àdúgbò kan tó ń jẹ́ Nino ti rí i, ó fà á mọ́ra, ó sọ ọ́ di ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ Nino kò dára, gbogbo wa mọ̀, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ wo ọmọ náà bí ẹni tó wúlò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa Nino náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kazeem gba ipò rẹ̀, Tẹni tó jẹ́ ọmọ Nino fi ìlú sílẹ̀, Ọbalọlá tún di aláìníbaba lẹ́ẹ̀kejì. Òun, Gift àti Ify, àwọn mẹ́ta tó jọ dàgbà lójú pópó, wá fi ara wọn ṣe ẹbí.

Ẹni tó bá ti gbé erékùṣù yìí rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti jáde lọ sí ọjà Jankara láti ìdájí, tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé, àwọn tó wà lójúde ló ń tọ́ ọ. Àwọn kan tọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ dé yunifásítì. Àwọn kan fi àdá lé e lọ́wọ́ lásìkò ìbò. Òṣíbẹ̀rù fi ìhà méjèèjì hàn, kò fi ọ̀kan bo èkejì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo oríire yìí lóhùn òkè.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Ify. Chioma Akpotha ló ṣe é. Ìyá Ìgbò ni láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń tọ́ ọmọ tirẹ̀, ó sì tún la apá gba ọmọ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ kọ̀. Chike olórin ló ṣe Ify, ọmọ tó fẹ́ fi orin jáde kúrò nínú ìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pa Ify, ẹ gbọ́ ohùn ìyá yẹn. Igbe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó gòkè, ó sì ya. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ara nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti sin ọmọ rí mọ igbe náà, mi ò ní ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Ẹ sì wo àsìkò tó bọ́ sí. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023 la dìbò gómìnà l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ìgbò gbóná nígbà náà débi pé wọ́n lé àwọn kan kúrò ní ibùdó ìdìbò nítorí orúkọ wọn tàbí ìrísí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ìyá Ìgbò kan jáde lójú fíìmù gẹ́gẹ́ bí ìyá fún ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, nínú ìtàn tó tún tú àṣírí bí olóṣèlú ṣe ń ra ọmọ ọlọ́mọ fún ìbò. Wọ́n ti yà á tán kí ìbò tó dé. Mo ka bó ṣe bọ́ sí àsìkò yẹn mọ́ oríire tí à ń kí yín.

Ìyapa mọ̀lẹ́bí bíi ti ilé Ọbalọlá kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìsàlẹ̀ Èkó, láti ààfin ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí oyè Ọba Èkó, Akítóyè sì forí lé Àgbádárìgì. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, wọ́n dá Akítóyè padà, Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó di 1862 kí Kòsọ́kọ́ tó padà sílé. Títí dòní, àwọn kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́, ìjà inú ilé kan ṣoṣo ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà tí mo rí Kazeem tó ń du ipò Nino, Iga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ló sọ sí mi lọ́kàn. Tí ẹ bá ń wá ìtàn mìíràn láti yà, ẹ̀yin Jáde, ìyẹn wà nílẹ̀.

Akítóyè yìí kan náà ni wọ́n ṣe ọdún Ẹ̀yọ̀, eégún aláṣọ funfun Èkó, àkọ́kọ́ fún ní 20 oṣù Kejì ọdún 1854, ọ̀rọ̀ Ẹ̀yọ̀ sì wà nílẹ̀ tí ayọ̀ wa kò gbọdọ̀ fò dá. Nínú fíìmù náà, wọ́n fi aṣọ Ẹ̀yọ̀ bo apànìyàn lára. Inú bí àwọn ìdílé tó ni Ẹ̀yọ̀, inú bí ẹgbẹ́ Isale Eko Descendants' Union, wọ́n sọ̀rọ̀ síta, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ wọn tọ́. Ẹni tó ti bọ́ bàtà rí nítorí Adámú Òrìṣà, ìyẹn Ẹ̀yọ̀, tó rí àrópalẹ̀ funfun tó ń gbá ilẹ̀ bọ̀, tí ọ̀pámbàtà rọra kan èjìká rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, kò ní fẹ́ bá aṣọ yẹn lára apànìyàn, bó ti wù kí eré náà dùn tó. Ní 2025, àwọn tó ṣe fíìmù náà tọrọ àforíjì ní gbangba. Inú mi dùn sí àforíjì yẹn ju bí inú mi ṣe dùn sí ìyìn èyíkéyìí tí fíìmù náà gbà lọ. Ní 27 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Ẹ̀yọ̀ tú jáde ní Tafawa Balewa Square, funfun báláú. Ẹ kú oríire, ẹ̀yin ará ilé Ẹ̀yọ̀ náà.

Mo kí Tobi Bakre tó ṣe Ọbalọlá, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀ nínú ilé Big Brother ní 2018. Ní 2022, òun àti Falz ṣe ìbejì nínú Brotherhood, ọ̀kan olè, ọ̀kan ọlọ́pàá. Loukman Ali ọmọ Uganda ló darí ìyẹn, Òṣíbẹ̀rù ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, ó sì fún Bakre ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tó tayọ jù ní AMVCA 2023. Mo kí Adesua Etomi-Wellington tó ṣe Gift, Tayo Faniran tó ṣe Nino, Bimbo Ademoye tó ṣe Tẹni, àti Zlatan olórin. Mo kí Olarotimi Fakunle tó ṣe Kazeem débi pé ara mi bù máṣọ nígbàkigbà tó bá rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó bá rò pé àlejò ni fíìmù jẹ́ ní erékùṣù yìí, ẹ sọ fún wọn pé Glover Memorial Hall níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi àwòrán tó ń rìn han àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, ní oṣù Kẹjọ 1903. Herbert Macaulay ló bá àwọn ará Spéìn tó gbé e wá ṣètò rẹ̀. Gbọ̀ngàn yẹn náà ni Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ síta ní 1944. Lẹ́yìn náà ni Ìdúmọ̀tà gba ipò, tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tò dé àjà nínú ṣọ́ọ̀bù, tí oníṣòwò ń ti ìlú gbogbo wá kó fíìmù Yorùbá. Láti 1903 dé 2023, ọgọ́fà ọdún ni àwọn ará erékùṣù yìí fi ń wo fíìmù, kí àgbáyé tó wá jókòó wò wọ́n.

Ní oṣù Kìíní 2024, Amazon kéde pé àwọn kò ní máa náwó sí fíìmù tuntun tiwọn ní Áfíríkà mọ́. Ó dun gbogbo wa. Àmọ́ ipò àkọ́kọ́ ti bọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́wọ́, kò sí ilé iṣẹ́ tó lè gbà á padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin Jáde, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi ń kí yín. Àwọn ìyá tó ń tajà ní Òkè Àrín àti Ìta Fájì wà níbẹ̀ tí wọn kò ní Prime, tí wọn kò sì tíì rí fíìmù tí wọ́n fi òpópónà wọn yà. Lọ́dún yìí, ẹ gbé e wá sí Glover Hall. Ẹ pe àwọn àgbà Ẹ̀yọ̀ sí ìjókòó iwájú, ẹ pe Chioma Akpotha kó wá jókòó láàárín àwọn ìyá ọjà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa yóò wá ìlù àti jíjẹ mímu. Ẹ ṣáà ti dá ọjọ́ fún wa!